Alágbàfọ̀ Tí Kì Í Ráhùn

Ẹ bá mi wo alágbàfọ̀ yìí o! Bí òjò ń kán sí i lórí nínú ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ bá bi í pé báwo ni nǹkan, "A dúpẹ́, kò sí ìṣòro" náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu ẹ̀. Láti èṣí ni ẹ̀rọ tó fi ń fọṣọ ti dákẹ́. Ọwọ́ ló fi ń fọ gbogbo ẹ̀ látìgbà náà, ọṣẹ sì ti bó o lọ́wọ́. Oníbàárà kankan ò mọ̀, torí ẹ̀yìnkùlé ló ti ń fọ̀ ọ́, iwájú ṣọ́ọ̀bù ló ti ń rẹ́rìn-ín. Aṣọ tiẹ̀ kì í hunjọ láéláé. Ẹni tó bá pàdé ẹ̀ lójú títì á rò pé máníjà báǹkì ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ìyá Àgbà ló ń pè é, torí láti kékeré ni ọmọ náà ti máa ń bá a wí pé kó jẹun kó tó dúró nídìí áyọ́ọ̀nù. Ìyá Àgbà ti ṣe ọdún méjì ní kọ́lẹ́jì kékeré kan nítòsí ilé, níbi tí owó ò ti pọ̀, ó sì ṣe dáadáa. Yunifásítì ńlá wá gbà á, wọ́n ní kó máa bọ̀ wá parí ọdún méjì tó kù lọ́dọ̀ àwọn. Inú alágbàfọ̀ dùn débi pé ó fi áyọ́ọ̀nù jó ṣẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni. Ṣùgbọ́n owó ńkọ́? Gbogbo sikọ́láṣíìpù tí ọmọ náà rí, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Fún ẹni tó ń ti kọ́lẹ́jì sọdá sí yunifásítì, ẹyọ kan péré ló wà, àwọn tí òbí wọn ò lágbára ni wọ́n sì ń fún. Bí èyí bá bọ́, yunifásítì bọ́ nìyẹn.

Ìyá Àgbà kọ̀wé sí wọn, wọ́n mú un mọ́ àwọn díẹ̀ tí wọ́n ti fẹ́ yan ẹni tí wọ́n máa fún. Ó wá ku kí wọ́n pe òbí ẹ̀ lórí fóònù, kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Fóònù dún lọ́sàn-án, oníbàárà méjì wà lórí ìdúró.

"Bàbá, ẹ káàsán sà. Ọ́fíìsì sikọ́láṣíìpù la ti ń pè yín. Báwo ni nǹkan?"

"A dúpẹ́, mà. Kò sí ìṣòro."

"Iṣẹ́ ńkọ́, sà?"

"Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ọlọ́run ò fi wá sílẹ̀."

"Owó ilé-ìwé ọmọ yín yìí, tí àwa ò bá dá sí i, ṣé ẹ máa lè san án?"

Àwọn oníbàárà ti na etí. Alágbàfọ̀ gbọ́rùn sókè. "Háà, mà! Ọmọ mi mà ni. Ta ni kì í tọ́jú ọmọ ẹ̀?"

Lójú tiẹ̀, ó ti sọ tán. Ṣebí àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú ẹ̀ á di odindi? Ẹni tó bá wà níwájú ẹ̀ ì bá ti rí òógùn tó bò ó, ì bá sì ti mọ ohun tó ń bá fínra. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, fóònù ò sì lójú.

Ọjọ́ kejì ni èsì dé. Wọ́n kí ọmọ náà kú iṣẹ́, wọ́n ní nígbà tí bàbá ẹ̀ ti lágbára, àwọn á gbé owó náà fún ẹlòmíì. Tó bá ní ohun kan láti sọ, kí òun àti bàbá ẹ̀ wá kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Ìyàwó alágbàfọ̀ ni ò jẹ́ kó gbádùn. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Tiyín ò tiẹ̀ wá dákẹ́, baálé mi. Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ ń pariwo pé ẹ lówó!"

"Kí n wá máa ka ìṣẹ́ ara mi fún àlejò?"

"Ìṣẹ́ ọ̀hún náà ṣá ni wọ́n ń wá! Ẹ ní ọjà tí wọ́n fẹ́ rà, ẹ wá ń gbé e pamọ́ sábẹ́ igbá."

Ìyá Àgbà ní tiẹ̀ ò bínú, ìyẹn ló sì dun alágbàfọ̀ jù. Ká ní ọmọ náà sunkún ni, ara ì bá tù ú. Ó kàn ń bá a ká ṣẹ́ẹ̀tì ni. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ má da ara yín láàmú. Màá wáṣẹ́ ṣe ná, yunifásítì ò ní sá lọ." Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún ní kó lọ jẹun.

Bí alágbàfọ̀ àti Ìyá Àgbà ṣe gbéra lọ sí ọ́fíìsì nìyẹn. Ìyàwó ẹ̀ fẹ́ kó wọ ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́, kí wọ́n lè gbà á gbọ́. Ó kọ̀ jálẹ̀. "Màá sọ pé mi ò ní," ó ní, "ṣùgbọ́n mi ò ní wọ aṣọ tó hunjọ." Gbogbo ọ̀nà ló fi ń kọ́ ẹnu ẹ̀ pé "Mi ò ní, mà. Mi ò ní." Ọkùnrin kan kọjá, ó béèrè pé báwo ni nǹkan.

"A dúpẹ́ o! Kò sí ìṣòro!"

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Bàbá mi, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀!"

Yàrá kékeré ni ọ́fíìsì náà. Fáànù ń yí lókè, àga méjì sì wà níwájú tábìlì. Obìnrin tó pè é lórí fóònù ló jókòó síbẹ̀, ó wọ kóòtù tí ẹnì kan lọ̀ ní ìlọ̀kulọ̀ léjìká. Ojú alágbàfọ̀ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, ó sì ń wo ibẹ̀ kó má bàa wo ojú obìnrin náà.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀ sà. Kí lẹ fẹ́ sọ fún wa?"

Alágbàfọ̀ la ẹnu. Ó tún pa á dé. Ó wo fáànù, ó wo ilẹ̀kùn, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ tábìlì. Nígbà tí obìnrin náà rí i pé kò fẹ́ sọ̀rọ̀, ó yíjú sí ọmọ.

"Ìwọ sọ ọ́, ọmọ mi. Ṣé nǹkan le fún yín nílé ni?"

Ìyá Àgbà wo bàbá ẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Ó wo ọrùn tó tẹ̀, ó wo ọwọ́ tó wà lábẹ́ tábìlì. Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín iwájú ṣọ́ọ̀bù gan-an.

"A dúpẹ́, mà," ó ní. "Kò sí ìṣòro."

Yéè! Ọ̀rọ̀ ẹnu alágbàfọ̀ ló gbọ́ lẹ́nu ọmọ ẹ̀ yẹn. Ọmọ yìí ti ṣe tán láti pàdánù yunifásítì, kí ojú má bàa ti bàbá ẹ̀ níwájú ẹni tí wọn ò mọ̀ rí.

"Irọ́ ni, mà!" Ó ti dìde kó tó mọ̀. "Irọ́ ni, èmi ni mo kọ́ ọ. Ìṣòro wà, ó pọ̀!" Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì. "Láti èṣí ni ẹ̀rọ mi ti bàjẹ́, ẹ wo ọwọ́ mi. Mi ò ní, mà. Mo wá a títí, mi ò rí i. Ẹyinjú mi lọmọ yìí. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ ju ara mi lọ, agbára mi ò kàn gbé e débi tí orí ẹ̀ lè gbé e dé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e."

Ìyá Àgbà ti bo ojú, ó ń sunkún. Obìnrin náà yọ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ báyìí lórí fóònù?"

"Oníbàárà méjì wà níbẹ̀, mà."

Ẹ̀rín gba ẹnu obìnrin náà. Ó ní kí wọ́n máa lọ, àwọn á rán èèyàn wá wo ṣọ́ọ̀bù. Lóòótọ́, èèyàn wá, ó wo ẹ̀rọ tó dákẹ́ àti àwọn abọ́ ìfọṣọ tó wà lẹ́yìnkùlé, ó sì lọ láìsọ nǹkan kan.

Àárọ̀ ọjọ́ tí fóònù tún dún, ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́. "Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Báwo ni nǹkan?"

Alágbàfọ̀ wo àwọn oníbàárà ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó le o, mà!" Ó fi ariwo bọnu. "Ó le gan-an ni! Òrùlé ń jò, ọwọ́ mi ti bó, ẹ̀rọ..."

"Bàbá, Bàbá! Ó ti tó sà. A ti fún un. Ọdún méjèèjì la máa san."

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù nàró, kó má bàa tún jó ṣẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni. Ìyá Àgbà ti sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ ẹ̀.

"Bàbá mi, kí ni wọ́n wí?"

"A dúpẹ́," ló ní, ó sì bú sẹ́kún níwájú gbogbo oníbàárà, kò tiẹ̀ bojú.