Ṣúìsì Tí Kò Bàjẹ́

Ní ọjọ́ Àlàmísì kan, omi lé Ìyá Roqeeb jáde nílé ìdáná. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí ọmọ rẹ̀ rà fún un ló ń fa omi táǹkì, tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ó kún, ó ṣàn, ó rin ẹní, ó rin àpò gààrí. Ẹlòmíràn ì bá bú ẹ̀rọ náà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá Roqeeb, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Àwáwù, ti táàpù, ó nu ọwọ́, ó sì pe Kánádà. Inú rẹ̀ ń dùn. Ẹ má bi mí pé inú ta ní í dùn tí omi bá gba ilé ìdáná rẹ̀. Ẹ ṣáà ní sùúrù.

Ọdún keje rèé tí Roqeeb ti wà ní Kánádà, iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ ló sì ń ṣe níbẹ̀. Kì í ṣe ọmọ burúkú o. Ó ń fowó ránṣẹ́, ó ń pe ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpè rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ: "Màámi, ṣé àlàáfíà ni? Ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ má bínú, mo wà níbi iṣẹ́." Ó tán. Ọdọọdún ló ń sọ pé òun á wá ṣe Iléyá nílé, ọdọọdún ni wọ́n sì ń pa àgbò lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ kọ̀ yìí, Roqeeb lo ogójì ìṣẹ́jú gbáko lórí fídíò.

"Màámi, ẹ yọ ọ́ nínú iná ná. Ẹ wá tú ọmọrí òkè yẹn. Ṣé ẹ rí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ìsàlẹ̀ wá, tó wọnú nǹkan roboto kan? Ṣúìsì omi nìyẹn. Bí omi bá ń kún, atẹ́gùn inú rọ́bà yẹn ló máa ti ṣúìsì, tí ẹ̀rọ á fi mọ̀ pé omi ti tó. Ẹ yọ rọ́bà náà, kẹ́ ẹ fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú ṣúìsì ọ̀hún. Ẹ rọra o. Bó bá dún kọ́, ṣúìsì dára, rọ́bà ló dí, ẹ kàn máa fọ̀ ọ́ ni. Bí kò bá dún, ó ti kú nìyẹn."

Àwáwù fẹ́ ẹ. Ó dún kọ́. Ó dún ketekete, bí ìgbà téèyàn ta ìka.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

Àwáwù wo ojú ọmọ rẹ̀ nínú fóònù. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ní funfun méjì mẹ́ta. Ìgbà wo nìyẹn ṣẹlẹ̀? Bó bá ní òun gbọ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, ó di ẹ fọ rọ́bà, ó dàbọ̀.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ló wí.

"Ó dáa. Mo máa pè yín lọ́la, ká jọ tún un wò."

Báyìí ni wọ́n ṣe é fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Alásárì, Àwáwù á bọ́jú, á wé gèlè, gèlè tuntun o, á jókòó ti ẹ̀rọ. Fóònù á dún. Á fẹ́ ṣúìsì, ṣúìsì á dún kọ́, obìnrin yìí á sì mi orí pé rárá. Láàárín ìyẹn, Roqeeb á sọ bí yìnyín ṣe ń bọ́, á sọ nípa ọbẹ̀ tó jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rín in kó tó rìnrìn àjò. Àárò rẹ̀ sọ Àwáwù lálẹ́ ọjọ́ yẹn débi pé abọ́ méjì ló bu oúnjẹ sí. Ọwọ́ ló sì fi ń fọ gbogbo aṣọ ilé ní gbogbo àsìkò yìí, awọ ìka rẹ̀ ń bó, kò ráhùn.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Roqeeb ní, "Màámi, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa jìyà mọ́. Mo ti ra ṣúìsì tuntun. Samuel, ọmọ ìlú Awo tá a jọ ń gbé níbí, ń bọ̀ wálé, òun ló máa mú un bọ̀."

Bí ṣúìsì tuntun bá fi lè dé, ìpè ojoojúmọ́ tán nìyẹn.

Samuel dé lóòótọ́. Ṣé ẹ rí i, ọmọ Awo rọ́nà wálé! Àwáwù gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lé ọ lọ́wọ́?"

"Òun ni, mà."

Ó di ọwọ́ ọmọkùnrin náà mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Hasanat dé láti Sekona. Òun ló ń tún ẹ̀rọ ṣe fún àwọn olùkọ́ yunifásítì, Roqeeb ló sì bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé kó wá bá ìyá òun de ṣúìsì tuntun náà. Wọ́n gbé fóònù ti ike ọṣẹ, kí Roqeeb lè máa wò wọ́n. Àmọ́ Hasanat kì í de tuntun láìyẹ ti àtijọ́ wò. Kí Àwáwù tó ní "dákun, má yọ ara rẹ lẹ́nu," ó ti fẹnu sí i. Kọ́!

"Ṣúìsì yìí ò bàjẹ́ o," Hasanat wí. Ó fa rọ́bà jáde, ó fún un, nǹkan funfun kan sì yọ jáde bí ẹ̀kọ tútù. "Háà! Màmá, ẹ ń da sítáàṣì sínú ẹ̀rọ? Ó ti dì sínú rọ́bà yìí pátápátá, ibo latẹ́gùn á gbà?"

"Sítáàṣì kẹ̀?" Roqeeb ké látinú fóònù. "Bàbá ò sí mọ́. Aṣọ ta lẹ wá ń fi sítáàṣì sí?"

"Tìẹ ni," Àwáwù wí. "Jalámíà funfun mẹ́ta tó o fi sílẹ̀. Ọjọ́ Àlàmísì ni mo máa ń fọ̀ wọ́n, kó o lè rí nǹkan wọ̀ lọ sí Jímọ̀ bó o bá dé."

Hasanat tẹrí ba, ó ń nu rọ́bà tó ti mọ́.

"Màámi," ni Roqeeb wí nígbà tó yá, "ṣúìsì yẹn ń dún. Báwo lẹ ò ṣe gbọ́?"

"Mo gbọ́. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni mo ti ń gbọ́. Bí mo bá ní mo gbọ́, ṣé wàá tún pè lọ́jọ́ kejì?"

Roqeeb fọwọ́ bojú. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Èmi náà ń parọ́ fún yín, Màámi. Kì í ṣe pé mi ò ráyè. Wọn ò tíì fún mi ní ìwé tí mo lè fi gbé ìlú wọn. Bí mo bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé mọ́. Mi ò mọ ọdún tí mo máa wá. Bí mo bá pẹ́ lórí fóònù, ẹ máa bi mí ni, ìdí nìyẹn tí mo ṣe máa ń sáré gbé e sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun Àwáwù wọra. Ó fi etí gèlè nu ojú, ó tún nù ún, omi ò dá.

"Ọdún méje," ló wí. "O wá ń dá irú ẹrù yìí gbé." Ó gbé fóònù súnmọ́ ara rẹ̀. "Mi ò ní bi ọ́ mọ́. Iléyá ni o, ọdún wo ni o, mi ò ní bi ọ́. Ṣáà máa pè mí, Roqeeb. Bí nǹkan kan ò tiẹ̀ bàjẹ́ nílé yìí, máa pè mí."