Ojú Irin Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

"Ta ló gbé fíríìjì lé téṣàn mi lórí?"

Aránṣọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fíríìjì mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan ò nílẹ̀kùn, ọ̀kan dùbúlẹ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe, ẹ̀kẹta sì dúró gbagidi lórí ìwé tó tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Epo ẹ̀rọ ń kán lábẹ́ rẹ̀, ìwé náà sì ti mu epo yó.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré jáde láti ilé ìdáná, ó ń fi ìdí aṣọ nu ọwọ́. "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Òjò ló ń wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n yín. Wọ́n ní àwọn á kó wọn síbí fún ìgbà díẹ̀."

"Ìgbà díẹ̀ tí wọ́n wí nígbà tí wọ́n kó táyà síbí ńkọ́? Ìyẹn ò tíì parí o."

"Mo ní kí wọ́n pè yín lórí fóònù. Wọ́n ní ṣé ilé àjèjì ni."

Aránṣọ gbé báàgì sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka gbá etí ìwé náà mú, ó sì já sí i lọ́wọ́ bí ewé tó ti rà.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé orí obìnrin yìí ti yí, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó wà nílẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kékeré ló fẹ́ ṣe, irú èyí tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ò ju ìka ọwọ́ lọ, tó ń fi iná mànàmáná sáré lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́. Kì í ṣe fún títà, kì í sì í ṣe fún ọmọ kankan. Látìgbà tó ti ń ránṣọ, kò sí ohun tó tọwọ́ rẹ̀ jáde tí ẹnì kan ò kọ́kọ́ wá sọ bóun ṣe fẹ́ ẹ: fún un nídìí, tú u lápá, gé e kù díẹ̀. Ọ̀nà rélùwéè yìí nìkan ni ẹnikẹ́ni ò wá bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó wù ú tó bẹ́ẹ̀.

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán sórí ìwé pélébé, ṣùgbọ́n ó mọ pátánì gé. Ló bá ra ìwé fífẹ̀ tí àwọn aránṣọ fi ń gé pátánì kí wọ́n tó fọwọ́ kan aṣọ, ó tẹ́ ẹ yí ẹsẹ̀ ògiri ká, ó sì gé gbogbo rẹ̀ bó ṣe máa tóbi gan-an: ibi tí pákó máa fẹ̀ dé, ibi tí irin máa gbà, téṣàn, abúlé kan, àti òkè tí ọkọ̀ máa gba inú rẹ̀ kọjá. Lákọ̀ọ́kọ́, ó gé ìhà fèrèsé fẹ̀ jù. Ó na ọwọ́ títí, ọwọ́ ò kan ògiri. "Bí ọkọ̀ bá ṣubú lọ́hùn-ún, ta ló máa bá mi gbé e?" Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, ó sì gé e kù títí ọwọ́ fi tó o. Àwọn kọ́nà náà ká jù, wọ́n dà bí ọrùn aṣọ ọmọ ìkókó. Ẹni tó ta ẹ̀ńjìnnì fún un ti kìlọ̀ pé ọkọ̀ tó bá gùn á yọ kúrò lójú irin níbẹ̀, nítorí náà ó tú wọn, ó sì tún wọn gé.

Ohun kan ṣoṣo ló kọ̀ tí kò jókòó: ẹnu ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ náà máa yípo yàrá láìdúró, kí òun sì wà láàárín. Ṣùgbọ́n bí irin bá máa yípo, àfi kó gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá, ní gíga ìbàdí, lórí pákó kan tó ṣeé gbé kúrò tí èèyàn bá fẹ́ wọlé. Ta ló sì ń wọlé? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kì í sì í kan ilẹ̀kùn. Yàrá ìyá wọn ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìyá kú, tí Aránṣọ sì kó kúrò nílé ọkọ, ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló fa kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo ẹbí. Síbẹ̀, bó ṣe ń wọ ibẹ̀ nígbà ayé ìyá náà ló ṣì ń wọ̀ ọ́. Á wá wá súkúrù, á wá wo dígí, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì máa bá oníbàárà ṣàríyànjiyàn lórí fóònù. Nítorí tirẹ̀ ni Aránṣọ ṣe fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ lófìfo nínú pátánì rẹ̀. Ọkọ̀ á sáré dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, á dúró, á sì fẹ̀yìn rìn padà. Ojoojúmọ́ ló ń wo àlàfo yẹn, ojoojúmọ́ ló ń bí i nínú, kò sì sọ fún ẹnì kankan.

Ibi tó kúnlẹ̀ sí ni ẹ̀gbọ́n náà bá a. Oníyìnyín ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí fíríìjì ló ń tún ṣe. Orin ló ń kọ wọlé.

"Àbúrò mi, o ti dé? Mo ti bá ọ lo yàrá rẹ díẹ̀ o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ilẹ̀."

Oníyìnyín wo ilẹ̀. "Mo rí i. Mo tiẹ̀ fẹ́ dúpẹ́ ni. Bí kì í bá ṣe ìwé tí o tẹ́ síbẹ̀ yẹn, epo ì bá ti ba gbogbo ilẹ̀ jẹ́."

"Iṣẹ́ mi lẹ da epo sí."

"Iṣẹ́ wo? Aṣọ ta ni?"

"Kì í ṣe aṣọ. Ọ̀nà rélùwéè mi ni. Téṣàn ló wà lábẹ́ fíríìjì yẹn."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ń mì. "Rélùwéè! Ìyàwó, wá gbọ́! Àbúrò mi ti di ìjọba!" Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó fajú ro. "Ìwọ náà ro ó wò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Òjò ń ba ọjà mi jẹ́, ohun ìṣeré ọmọdé lò ń bá mi sọ."

"Òjò tó ń ba ọjà yín jẹ́, èmi kọ́ ni mo rán an. Ṣé ẹ pè mí? Ṣé ẹ kan ilẹ̀kùn?"

"Ilẹ̀kùn inú ilé bàbá mi ni kí n máa kàn?"

"Ilé bàbá tèmi náà ni."

"Ilé bàbá rẹ ni, àmọ́ ilé ọkọ ló yẹ kí o wà. Dálémosú kì í pàṣẹ."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyàwó fi ọwọ́ bo ẹnu. Oníyìnyín fúnra rẹ̀ ṣẹ́jú bí ẹni tí nǹkan bọ́ sí lójú. Òun kan náà ló gbé ọkọ̀ lọ kó ẹrù obìnrin yìí kúrò nílé ọkùnrin tó ń lù ú. Òun ló sọ fún un lọ́jọ́ yẹn pé, "Nu ojú rẹ nù, o nílé." Òun náà ló wá fi í bú lónìí, nítorí fíríìjì tí kò nílẹ̀kùn.

Aránṣọ dìde. Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Inú ti ń bí i tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ti ìsinsìnyí yàtọ̀, ó ń gbóná láti ẹsẹ̀ wá.

"Ẹ tún un sọ."

"Àbúrò, ṣé o rí i..."

"Mo ní kí ẹ tún un sọ. Kí n gbọ́ ọ dáadáa."

Oníyìnyín gbé ojú lọ sí fèrèsé.

"Ó dáa. Ẹ kó fíríìjì yín jáde."

"Síbo?"

"Ẹ kó wọn sí pálọ̀. Ẹ kó wọn sórí bẹ́ẹ̀dì yín. Ilé bàbá yín ṣáà ni, àyè pọ̀ níbẹ̀."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ni ìyàwó wí, "sùúrù ni baba ìwà."

Òótọ́ ni pé sùúrù ni baba ìwà, àmọ́ nínú ilé yìí, Aránṣọ nìkan ló ń bọ́ bàbá náà. Ó ti sú u. Oníyìnyín pòṣé, ó ní òun ò ní bá obìnrin jà, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Aránṣọ fi èjìká ti fíríìjì àkọ́kọ́. Kò mì. Ó tún ti í, ó ń bú u bí ẹni pé ó létí. Nígbà tó yá, ó rí i pé ó ti ń lọ. Ìyàwó ti wà ní ìhà kejì, ó ti ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń fà á. Àwọn méjèèjì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, níbi tí Oníyìnyín ti máa ń wo bọ́ọ̀lù.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Aránṣọ ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ká gbogbo ìwé tó ti mu epo, ó sọ wọ́n nù. Ó yẹ kó tún téṣàn gé, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹnu ilẹ̀kùn ló lọ. Ó fi téèpù wọn àlàfo náà láti férémù dé férémù, ó gé pátánì rẹ̀, ó sì gbé e lé ọ̀kan nínú àwọn pákó tí káfíńtà ti gé sílẹ̀ fún un. Ìta ni ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí, pákó ò ní dí i lọ́wọ́. Ó gbé pákó náà lé ẹsẹ̀ méjì, pákó sì jókòó gba ẹnu ọ̀nà já. Bó ṣe jókòó tán, ó hàn sí i pé gbogbo ohun tóun ti gé látọjọ́ yìí ò tọ́, torí ẹlòmíràn lóun ń fi sọ́kàn nígbà tóun ń gé e.

Ó ń fi ṣọ́ọ̀kì aránṣọ fàlà sórí pákó náà nígbà tí Oníyìnyín dé. Kò wo iwájú, ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan pákó.

"Kí lèyí?"

"Afárá. Rélùwéè máa gba ibẹ̀ kọjá."

"Gbé e kúrò. Mo fẹ́ mú gáàsì fíríìjì tí mo gbàgbé síbẹ̀."

"Ẹ kan ilẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu?"

"Òun náà."

"Bí mi ò bá kàn án ńkọ́?"

Aránṣọ fi ṣọ́ọ̀kì tọ́ka sísàlẹ̀. "Abẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ẹ bẹ̀rẹ̀."

"Kí n bẹ̀rẹ̀?" Ohùn rẹ̀ lọ sókè. "Kí n dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò mi kí n tó wọ yàrá ìyá mi?"

"Yàrá mi ni."

Nílé ìdáná, ariwo abọ́ dúró. Oníyìnyín wo abẹ́ pákó, ó wo ikùn ara rẹ̀, ó sì yí padà bí ẹni tó fẹ́ máa lọ. Ó dé pálọ̀, ó bá àwọn fíríìjì níwájú tẹlifíṣọ̀n. Iṣẹ́ ń dúró dè é, gáàsì sì wà nínú yàrá. Ó padà dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi ìka kan ṣoṣo kan ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ìkòkò gbóná.

"Ta ni?" ni Aránṣọ wí. Ó sì ń wò ó lójú kòrókòró.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Èmi ni." Ó wo pákó náà. "Ọ̀rọ̀ àná yẹn, àbúrò mi, kò yẹ kó ti ẹnu mi jáde."

"Kò yẹ bẹ́ẹ̀." Inú ṣì ń bí i, kò sì fi pamọ́. "Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fàlà yìí tán."

Ó fa ìlà náà láti ẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀kùn dé ẹ̀gbẹ́ kejì, kò kánjú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dúró síta títí ó fi parí.