Irun Àgùntàn Abẹ́ Kapó

Gbogbo àdúgbò Djègan-Kpèvi ló mọ̀ pé ẹnu Gbàdàmọ́sí máa ń sáré ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé ní Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa rán tìmùtìmù: ti àga, ti ibùsùn, ti ìjókòó mọ́tò. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, kò sẹ́ni tó lè jiyàn. Àmọ́ bí o bá gbé àga kan ṣoṣo lọ fún un, ìtàn àga mẹ́wàá tó ti bá àwọn òyìnbó ṣe lo máa kọ́kọ́ gbọ́ kó tó fọwọ́ kan tìrẹ.

Òun ni Célestin gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá bá lọ́dún 1964. Olùkọ́ ni Célestin, ọmọ Nàgó, kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún. Mẹ́sì ni wọ́n ń pè é bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo olùkọ́. Ọkọ̀ pupa kékeré kan ló ní, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó fi ń sáré ìdíje, ẹni méjì péré ló ń gbà, orí rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Faransé kan tó ń padà sílùú wọn nígbà òmìnira ló tà á fún un, ó sì ti gbó kó tó tà á. Lábẹ́ kapó rẹ̀, ìyẹn ìdérí tó bo ẹ́ńjìnnì, aṣọ nínípọn kan wà tẹ́lẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ooru ẹ́ńjìnnì ran irin òkè. Eku ti jẹ aṣọ yẹn tán. Ooru wá ń bó ọ̀dà ọkọ̀ náà bí èèpo iṣu. Célestin ti kọ̀wé sí àwọn tó ń ta irú rẹ̀ nílẹ̀ Faransé, èsì tó gbà ni pé wọn kò ṣe é mọ́.

Kì í ṣe ọ̀dà nìkan ló ń dùn ún. Ìyá rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, tí orúnkún kò jẹ́ kó rìn dáadáa mọ́, ti bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé òun lọ sí Sakẹ́tẹ́ lọ rí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Célestin kò fẹ́ gbé ìyá sínú ọkọ̀ tí ooru ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lé èèyàn. Ó bi Gbàdàmọ́sí bóyá ó lè ṣe òmíràn sí i. Gbàdàmọ́sí rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ìyẹn náà niṣẹ́, ó ní kó máa bọ̀ lọ́jọ́ kẹta.

Òwú igi àràbà tí gbogbo aránbùsùn ń lò ló kì sínú kánfáàsì, ó rán an, ó dè é mọ́ abẹ́ kapó, ó sì dára lójú. Bẹ́ẹ̀, kò sí ọmọ Ìṣẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kò fi òwú yẹn dáná rí lẹ́nu òkúta ìṣáná. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ lẹ́nu Gbàdàmọ́sí lọ́jọ́ náà tí kò fi rántí pé òwú náà máa ń tètè gbiná. Kí ọkọ̀ tó kọjá àdúgbò Tokpota, èéfín ti bo ojú Célestin, iyanrìn ni wọ́n fi pa iná náà. Àwọn èèyàn ní ilé ọba tó jó ni, ẹwà ló máa bù sí i. Ẹwà wo? Gbogbo wáyà inú rẹ̀ ló jó, mẹkaníìkì sì ní yóò gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ kejì, Àbẹ̀kẹ́ kú. Kò dé Sakẹ́tẹ́.

Célestin kò dá a lẹ́bi rárá. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ Gbàdàmọ́sí lára. Nígbà tó lọ kí wọn nílé ọ̀fọ̀, ojú tì í débi pé ó dìde láàárín àwọn èèyàn, ó búra pé láàárín ọjọ́ méje òun máa fi ojúlówó irun àgùntàn ṣe òmíràn, èyí tí iná kì í tètè ràn, òun ò sì ní gba kọ́bọ̀. Ó ní òun máa wá a dé Èkó. Kò sẹ́ni tó ní kó búra.

Kò kọjá Kraké, ní ẹnubodè Nàìjíríà. Kafayatou, obìnrin tó máa ń kó kúbùsù onírun wọlé láti Nàìjíríà, sọ fún un pé àwọn duwán, ìyẹn aṣọ́bodè, ti gba ẹrù òun, ó sì di oṣù mìíràn. Àgùntàn tiwa kò sì nírun tó ṣeé gé. Ó padà lọ́wọ́ òfo, ọjọ́ karùn-ún sì rèé nínú méje. Bó ṣe ń gba ẹ̀yìn Tokpota bọ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó rí tìmùtìmù ibùsùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó.

Ó mọ ibùsùn náà. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, òun ló tún etí rẹ̀ rán. Àbẹ̀kẹ́ jókòó tì í lọ́jọ́ yẹn, ó ń sọ fún un pé kó dákẹ́ kó ránṣọ, obìnrin òyìnbó kan tí òun fọṣọ fún ló fi í ta òun lọ́rẹ, kó má bà á jẹ́. Irun àgùntàn ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ní ìdílé Àbẹ̀kẹ́, ohun tí òkú bá sùn lé kì í sun ilé mọ́. Wọ́n á gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, kí ẹni tó lọ lè mọ̀ pé kò sí àyè ìdùbúlẹ̀ fún òun nílé yẹn mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ mú un. Ẹni tó bá mú un ti ja òkú lólè. Gbàdàmọ́sí mọ èyí náà. Ó wò yíká, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì tú okùn etí rẹ̀.

Bí aránbùsùn bá fẹ́ lo irun tí ẹlòmíràn ti sùn lé, ó ní láti fọ̀ ọ́, kó sì sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì. Ọmọ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́ mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ibo ni Gbàdàmọ́sí fẹ́ sá irun sí ní Djègan-Kpèvi tí wọn ò ní bi í pé níbo ló ti rí i? Ó tì ara rẹ̀ mọ́lé, ó fi ọwọ́ ya irun náà bẹ́ẹ̀, ó tẹ́ ẹ sáàárín kánfáàsì méjì, ó gún un lábẹ́rẹ́ ní igun mẹ́rin mẹ́rin kó má baà ṣù jọ, ó sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ dè é mọ́ abẹ́ kapó. Iṣẹ́ tó gún régé ni. Nígbà tí Célestin béèrè, ó ní Èkó ni òun ti rà á. Kò tún fi ọ̀rọ̀ kan kún un, èyí tí ì bá ti ya gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Gbàdàmọ́sí kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Célestin dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó lórí àpótí, ó sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o," ló wí. "Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, òórùn ìyá mi ni mò ń gbọ́. Kánfọ̀ àti òrí tí wọ́n fi ń pa orúnkún. Mo rò pé orí mi ló ń dàrú, àmọ́ ojoojúmọ́ ni. Wọ́n ti dárí jì mí, ọ̀gá. Wọ́n wá jókòó tì mí nínú ọkọ̀ tí mi ò fi gbé wọn rí."

Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, àsìkò yìí ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sùn. Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́. Ìtìjú mú Gbàdàmọ́sí. Bí ilẹ̀ bá lanu nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ì bá wọlé. Ó kàn ń mi orí títí ọkùnrin náà fi lọ.

Ó pinnu láti jẹ́wọ́ lọ́jọ́ kejì. Kò tíì jáde nílé tí Odile, ẹ̀gbọ́n Célestin obìnrin, fi wọlé wá. Kò jókòó.

"Èmi ni mo gbé ibùsùn màmá síta," ló sọ. "Mo padà lọ wò ó lọ́jọ́ kẹta. Ẹni tó tú u kò fi ọ̀bẹ ya á. Ó mọ ibi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀. Lánàá, àbúrò mi gbé mi nínú ọkọ̀ rẹ̀, mo sì gbọ́ òórùn ibùsùn náà."

Gbàdàmọ́sí fẹ́ dọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ọdún mẹ́wàá ju obìnrin náà lọ. Odile ní kó dìde. Gbàdàmọ́sí ní òun ń lọ bá Mẹ́sì báyìí báyìí, òun á jẹ́wọ́, òun á sì kó irun náà padà síbi tí òun ti mú un.

"Ẹ ò ní sọ nǹkan kan fún un," Odile dáhùn. "Látìgbà tí màmá ti lọ, kò jẹun. Ó ti ń jẹun báyìí. Ẹ jẹ́ kó máa jẹun. Ẹ̀yin lẹ mú un, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ máa rù ú."

Àṣé ìjẹ́wọ́ pàápàá, ọ̀fẹ́ kọ́. Gbàdàmọ́sí jókòó síbi tí obìnrin náà fi í sí títí ọ̀sán fi pọ́n, kò gún abẹ́rẹ́ kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Célestin gbé ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ń lọ sí Sakẹ́tẹ́, ó ń gbé ìyá rẹ̀ lọ bó ṣe ṣèlérí. Ìjókòó kan ṣoṣo ló kù, ó sì ní kò sẹ́ni tó yẹ kó jókòó síbẹ̀ bí kò ṣe ẹni tó mú ìyá òun padà wá. Gbàdàmọ́sí ní inú ń run òun. Ó ní iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ó ní òun ò mọ ará Sakẹ́tẹ́ kankan. Célestin kàn ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ó ń retí, ojú rẹ̀ sì tutù bíi tọmọdé. Gbàdàmọ́sí wọ ọkọ̀.

Kí wọ́n tó rìn jìnnà, kánfọ̀ ti ń yọ lábẹ́ kapó, òrí tẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ ń gbé e bá wọn lójú. Célestin ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà: wọ́n ti gbin àgbàdo níhìn-ín, wọ́n ti wó ilé tọ̀hún. Gbàdàmọ́sí di ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹ̀sín kankan, kò sẹ́ni tó mọ̀, oore ni wọ́n ń ṣe é.

Àbẹ̀bí, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́. Wọ́n dì í mú wá síbi ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé kapó gbígbóná náà, ó sì sún imú mọ́ ọn.

"Àbẹ̀kẹ́," ló wí. "O pẹ́ lọ́nà."

Gbogbo agbo ilé bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà Célestin sọ fún un pé ọkùnrin tó ṣiṣẹ́ náà rèé, ó wà níhìn-ín. Ìyá arúgbó náà ní kí wọ́n fa ọwọ́ rẹ̀ lé òun lọ́wọ́. Ó fi ìka tẹ àwọn ibi tí abẹ́rẹ́ ti sọ di líle, ó mọ̀ pé ọwọ́ oníṣẹ́ ni, ó sì kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún Gbàdàmọ́sí.

"Ọwọ́ tó gbé àbúrò mi wá bá mi, ọwọ́ yìí ò ní rọ," ló fi bẹ̀rẹ̀ àdúrà. "Ọmọ mi, ojú ò ní tì ọ́. Lójú ẹgbẹ́ rẹ, lójú ọmọ rẹ, ojú ò ní tì ọ́ láé."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń gbàdúrà fún ló yẹ kó ṣe àmín tirẹ̀, wọ́n sì dúró dè é. Célestin ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbàdàmọ́sí tẹjú mọ́ kapó náà, kò ṣe àmín. Àbẹ̀bí rò pé bóyá kò gbọ́ ni. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, ó gbé ohùn sókè, ó sì tún àdúrà náà bẹ̀rẹ̀ látòkè.