Ìṣọ́ Jẹ́jẹ́

Kó, kó. Káfíńtà gbé ọwọ́ kúrò lórí dáìsì, ó wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán nìkan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú èérún pákó tó ń fò nínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀," ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wí. Ó ṣí ìwé òfin eré tuntun tó rà wá. "Ó rọrùn ju tàtijọ́ lọ, ẹ ó rí i."

Ó ti pẹ́ tí Káfíńtà àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń ṣe eré yìí lórí tábìlì tó kàn fúnra rẹ̀: òun á máa sọ ìtàn, àwọn tó kù á máa sọ ohun tí akọni tí kálukú yàn nínú ìtàn fẹ́ ṣe, dáìsì tí wọ́n bá jù á sì bá wọn dá ẹjọ́. Wọ́n pọ̀ nígbà kan. Ìwé tuntun jáde, àwọn kan bá a lọ. Òmíràn tún jáde, àwọn kan ní àwọn ò lè tún padà sílé ìwé. Káfíńtà wá dà bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Ó ku òun, àbúrò rẹ̀, àti Jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún rédíò ṣe, ọkùnrin tó jẹ́ pé bí ilé bá ń jó, á ṣì kọ́kọ́ wá bàtà rẹ̀. Jẹ́jẹ́ kì í ju dáìsì láìkọ́kọ́ kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Jẹ́jẹ́ lọ sílé ìwòsàn, ó tẹ Káfíńtà láago. "Fi mí sẹ́nu ọ̀nà," ló wí. Òfin àtijọ́ nìyẹn: ẹni tí kò bá lè wá, akọni rẹ̀ á máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà títí ẹlòmíì á fi dìde lọ bá a, tí á ní, "Mo gba ìṣọ́ lọ́wọ́ ẹ." Jẹ́jẹ́ ò padà dé. Káfíńtà ò sì gba ìṣọ́ náà, torí ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá gbà á, ọ̀rẹ́ òun ti lọ nìyẹn.

"Kí ni ìwé yìí sọ nípa ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà?" ó bi àbúrò rẹ̀.

"Kò sí ẹnu ọ̀nà mọ́. Ẹni tí ò bá wá, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn."

Kó, kó.

"Pákó ló ń gbẹ," Káfíńtà wí kíákíá.

Àbúrò rẹ̀ pa ìwé náà dé. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ tá a ti sin Bọ̀dá Jẹ́jẹ́. Mo rò pé èmi nìkan ni. Kí lẹ rò pé mo torí ẹ̀ ra ìwé yìí?"

Ara Káfíńtà bù máṣọ. Láti ọjọ́ yìí, ó ti rò pé Jẹ́jẹ́ fẹ́ wọlé wá ṣeré ni. Àṣé ó ti rẹ ọkùnrin náà ni. Ó fẹ́ lọ sinmi, kò sì sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é débi pé omijé lé ròrò sí i lójú.

Ó dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Jẹ́jẹ́, mo gba ìṣọ́ lọ́wọ́ ẹ. Máa lọlé."

Nǹkan tútù kan kọjá lára rẹ̀ bọ́ síta. Ṣọ́ọ̀bù náà dákẹ́ rọ́rọ́.

Àbúrò rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ó ti tán. Ẹ wá jókòó." Ó tún ṣí ìwé tuntun náà, ó tẹ orí mọ́ ọn, ó ń wá ibi tí wọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Káfíńtà fẹ́ gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ò gbé. Ó fẹ́ pè é, ohùn ò jáde. Ìṣọ́ ti di tirẹ̀, ibi tó dúró sí yìí ò sì sí nínú ìwé náà. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ṣì ń gbọ́ tirẹ̀. Ó gbé e sókè, ó kan férémù ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì.

Àbúrò rẹ̀ ò gbójú sókè. "Pákó ló ń gbẹ," ó sọ fún ara rẹ̀, ó sì ṣí ojú ìwé tó kàn.