Nọ́ńbà Ọjọ́ Sọ́ńdè

Àwọn ọmọ mi ti pinnu pé orí mi ti ń dàrú. Wọn ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n ní ó yẹ kí Màmá lọ sinmi. Ẹ̀rí tí wọ́n dì mú ni táńkì gíláàsì inú pálọ̀ mi, tí mo ti ń sin iyùn òkun nínú omi iyọ̀. Iyùn tó ń jẹun tó sì ń dàgbà ni mò ń wí, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń so mọ́rùn.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé-ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọn omi. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára táńkì náà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó, ohun tí wọ́n ń pè ní pH. Tó bá wà ní mẹ́jọ pọ́ìntì méjì, ara iyùn á yá gágá. Tó bá já sí méje pọ́ìntì mẹ́jọ, omi ti ń kan nìyẹn, iyùn á súnra kì, àwọ̀ rẹ̀ á máa ṣí. Èmi nìkan ni mò ń gbé, wíńdò mi kì í sì í wà ní títì. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, mò ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé, mẹ́jọ pọ́ìntì méjì ló sì máa ń jẹ́.

Àfi lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí àwọn ọmọ bá dé. Àkọ́bí mi, ọ̀gá ní báńkì, á wo ẹ̀rọ, á rí méje pọ́ìntì mẹ́jọ, á wo ìwé mi, á wá mi orí. Ó gbà pé irọ́ ni mò ń kọ, tàbí pé mi ò tiẹ̀ rántí wo ẹ̀rọ. Lọ́sẹ̀ kan ó là á mọ́lẹ̀: tí nọ́ńbà bá tún já ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, wọ́n á gbé táńkì lọ, èmi náà á sì kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn nílé òun. Inú bí mi gan-an. Ilé tí mo fi òógùn ara mi kọ́!

Sọ́ńdè ọ̀hún kò. Wọ́n dé ní aago méjìlá, àwọn mẹ́wàá, tọkọtaya tọmọtọmọ. Kí n tó kí wọn tán, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ti ń ti wíńdò kiri, ó ti tan ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n fi tipátipá rà fún mi. Wọ́n jẹun, wọ́n wá ń sọ̀rọ̀ mi bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Èmi jókòó ti táńkì mi, mò ń wo nọ́ńbà. Ó di mẹ́jọ. Ó di méje pọ́ìntì mẹ́sàn-án. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, ó ti di méje pọ́ìntì mẹ́jọ.

Nọ́ọ̀sì fa oògùn lẹ́búlẹ́bú kan yọ nínú báàgì, ó ní wọ́n ní á gbé nọ́ńbà sókè kíá. Mo fọwọ́ méjèèjì bo ẹnu táńkì. Kíá yẹn gan-an ló máa pa iyùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí n yéé ṣagídí, pé onímọ́tò akẹ́rù ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Mo gbójú sókè, mo wò wọ́n yíká. Mo ka orí wọn. Mo wo wíńdò. Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì bà wọ́n lẹ́rù ju gbogbo agídí mi lọ.

"Gbogbo yín, ẹ bọ́ síta," ni mo wí. "Èmi ni mo nilé."

Wọ́n ń kùn, àmọ́ wọ́n jáde. Mo pa amúlétutù, mo ṣí wíńdò, mo ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Omi máa ń fa èémí tí èèyàn bá mí síta mu, òun ló ń mú un kan. Èèyàn mẹ́wàá sì ti fi wákàtí mẹ́ta mí sínú yàrá tí wọ́n tì pa. Ojú tì mí díẹ̀ pé ó pẹ́ kí n tó rò ó, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Mo ní kí àkọ́bí mi dúró sójú wíńdò nínú oòrùn, kó máa ka nọ́ńbà kí gbogbo wọn máa gbọ́. Ó ka méje pọ́ìntì mẹ́sàn-án. Nígbà tó yá, ó ka mẹ́jọ. Ní aago márùn-ún, ó ka mẹ́jọ pọ́ìntì kan, ohùn rẹ̀ ò sì le mọ́. Mo na ìwé àti bírò sí i pé kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ó kọ ọ́.

"Màmá, ẹ má bínú," ló wí. "Ṣé a lè wọlé?"

"Kọ́kọ́ pe akẹ́rù yẹn kí n gbọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ máa wọlé ní méjì méjì."

Ó mú fóònù rẹ̀ jáde. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn títí ó fi sọ fún ọkùnrin náà pé kó má wulẹ̀ wá mọ́.