Fírémù Tó Ń Dúró de Ọjọ́ Rere

Bí ẹ bá dé Bantul ní erékùṣù Jáfà, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó ń fi èékánná ta irin, tó wá tẹ́tí sí i bí ìyá tó ń gbọ́ mímí ọmọ tuntun, ẹ má sá. Orí rẹ̀ pé. Pranoto ni, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, fírémù kẹ̀kẹ́ ló ń yàn. Kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ò tíì sí láyé o. Fírémù gan-an ò tíì sí. Ṣùgbọ́n yíyàn ń lọ ní pẹrẹu, ọdún kejì sì rèé.

Òun àti Wagiman ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ fẹ́ rin ìrìn náà. Wọn yóò gun kẹ̀kẹ́ kúrò ní Jáfà, wọn yóò wọkọ̀ ojú omi dé erékùṣù Sumbawa, wọn yóò sì gba ọ̀nà eléruku tí màlúù ń gbà, tí mọ́tò ò lè gbà, títí dé ẹsẹ̀ òkè Tambora. Wagiman ti ṣe tíṣà níbẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ó ní pápá kan wà lábẹ́ òkè náà tí koríko rẹ̀ máa ń dán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn ẹṣin ń sáré nínú rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ó fẹ́ tún fojú rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú yìí gan-an sì ni ìṣòro, nítorí dókítà ti sọ fún un pé ojú rẹ̀ ń kú lọ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, pé oògùn lè fà á sẹ́yìn díẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè dá a dúró.

"Jẹ́ ká tètè máa lọ," Wagiman sọ.

"A máa lọ kẹ̀! Fírémù nìkan ló kù."

Fírémù nìkan ló kù! Bí ẹni tó ní òun ti ṣe tán láti kó lọ sílé tuntun, ilé nìkan ni òun ò tíì kọ́.

Lórí pé irin ni fírémù náà máa jẹ́, kò sí àríyànjiyàn. Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ àlàyé rẹ̀, títí kan àwọn tí kò bi í. Pranoto á ní bí alumíníọ̀mù bá kán sínú igbó, ẹsẹ̀ lèèyàn máa fi rìn dé ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n bí irin bá kán, wẹ́dà abúlé tó ń tún ọkọ́ ṣe á jó o pọ̀ kí omi tíì tó hó. Á ní irin máa ń mì díẹ̀ lábẹ́ èèyàn, kì í jẹ́ kí òkúta lu ìdí onítọ̀hún pa. Òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn ló tún wá ń dunni jù. Nínú gbogbo àwọn tí kò ní fírémù, kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa fírémù tó Pranoto.

Giyanto ni yóò bá a ṣe é. Ọwọ́ ni Giyanto fi ń ṣe fírémù lẹ́yìn ilé rẹ̀, bí télọ̀ ló sì ṣe máa ń wọn èèyàn. Ó ti wọn ẹsẹ̀ Pranoto, ó ti wọn apá rẹ̀, ó ti wọn àyà rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló kù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ ti wọlé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó bọ́ sí Kliwon ni wọ́n bí Pranoto, ó sì ní ọjọ́ náà ni iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan fírémù òun. Kliwon jẹ́ ọ̀kan nínú ọjọ́ ọjà márùn-ún tí wọ́n ń kà ní Jáfà, kì í sì pàdé Ìṣẹ́gun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ta ló ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ lọ́jọ́ tí kò béèrè? Ta ló ń fọmọ fọ́kọ bẹ́ẹ̀? Giyanto pàápàá béèrè ọjọ́ kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n Pranoto fi tirẹ̀ kún un. Ó ní bí òun bá ti yí nǹkan kan padà lára fírémù, fírémù mìíràn nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀. Àwọn baba ńlá wa ò ronú dé ibẹ̀ yẹn. Ó ṣe tán, wọn ò ní fóònù tí wọ́n á ti máa ka èrò àwọn àjèjì nípa táyà.

Ní Kliwon àkọ́kọ́, Giyanto ti fẹ́ tan iná nígbà tí Pranoto sáré dé pẹ̀lú ìròyìn pé táyà ńlá ló ń gun òkúta dáadáa. Nígbà tí Kliwon mìíràn fi máa dé, ó ti padà sórí táyà kékeré, nítorí òun ni wọ́n ń tà ní gbogbo abúlé. Lẹ́yìn náà ló kan ẹ̀yìn fírémù, pé kó gùn sí i kí gìgísẹ̀ má baà máa gbá àpò ẹrù. Ó tún kan ibi tí wọ́n á de igò omi mọ́: ṣé mẹ́ta ni àbí márùn-ún? Ọkùnrin tí kì í mu ife tíì kan tán láàárọ̀ fẹ́ gbé omi tó tó ràkúnmí mu. Ọ̀dà nìkan gba Kliwon méjì.

"Bàbá Ratri," Sumirah ìyàwó rẹ̀ pè é lọ́jọ́ kan, "nígbà tí ẹ fẹ́ fẹ́ mi, ṣé ẹ fi èékánná ta èmi náà wò ni?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ronú lórí tìẹ."

"Ẹ ṣeun o. Ó dáa bí ẹ ò ṣe bi mí léèrè táyà."

Wagiman ò ní wàhálà kankan. Kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, onírin náà ni, ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára ilẹ̀kùn ló fi kùn ún. Ó ti so káríà mọ́ ọn, ó ti di ẹrù rẹ̀. Òun àti Pranoto jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní búkà tí wọ́n ti ń jẹ témpè díndín tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, Pranoto sì ń sọ̀rọ̀ nípa fọ́ọ̀kì iwájú, irin tó di táyà mú.

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn," ó wí.

"Ejò yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún," Wagiman dá a lóhùn. "Ìwọ ṣì ń wá àgbọn tó dáa jù ní gbogbo Jáfà."

Ó gbé ìkòkò tíì, ó fẹ́ bu fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tíì náà ò dé inú ife. Orí tábìlì ló ń dà sí, Wagiman sì ń rẹ́rìn-ín, kò mọ̀. Pranoto rí i. Ó rí i kedere. Ó mú àkísà, ó nu tábìlì, ó sì tún bá ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀kì lọ. Èèyàn lè mọ irin dunjú kó má mọ ohun tó yẹ kóun wí.

Níkẹyìn, nǹkan tó yẹ ní yíyípadà tán. Ìṣẹ́gun Kliwon mọ́, inú Pranoto ń dùn ṣìnkìn, ó wọ aṣọ báátíìkì tuntun, ó ní kóun lọ mú Wagiman kó wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ó bá a lórí àga níwájú ilé, báńdéèjì lórí. Ó ti fi kẹ̀kẹ́ kọ lu ọmọlanke ẹlẹ́ran kan tó dúró jẹ́ẹ́ lójú títì, ní ọ̀sán gangan.

"Kẹ̀kẹ́ rẹ dà?" Pranoto bi í.

"Mo ti fi ta àbúrò mi lọ́rẹ."

"Kí ló dé? Kẹ̀kẹ́ yẹn ṣì dáa!"

"Òun dáa. Èmi ni mi ò ríran mọ́." Wagiman fọwọ́ wá èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbá a níbẹ̀. "Máa lọ jàre. Òní kọ́ ni Kliwon rẹ ni? Bó o bá dé ibẹ̀, kí àwọn ẹṣin yẹn fún mi."

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ni àwọn àgbà wí. Pranoto sunkún lọ́jọ́ náà, ó sì ríran. Ojú tì í, ojú tì í gidi. Ó bọ́ báátíìkì rẹ̀ sílẹ̀, kò lọ sọ́dọ̀ Giyanto, ọjọ́ rere sì kọjá lọ láì rí ẹni kí i.

Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó lọ mú Wagiman lọ́wọ́ nílé, kò ṣàlàyé kankan, ó fà á dé ọ̀dọ̀ Giyanto.

"Giyanto, mo fẹ́ yí fírémù yẹn padà."

Giyanto mí kanlẹ̀, ó pè é ní Pak bí ọmọ ṣe ń pe bàbá. "Pak, ṣé táyà ni?"

"Oníjókòó méjì ni mo fẹ́. Èmi níwájú, òun lẹ́yìn. Wọ̀n ọ́n."

Giyanto wo àwọn méjèèjì. Ó mú okùn ìwọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ Wagiman.

"Ta nìyẹn?" Wagiman pariwo. "Kí lẹ̀ ń wọ̀n? Ṣé aṣọ òkú lẹ fẹ́ gé fún mi ni?"

"Ẹni tó jókòó lẹ́yìn ò nílò ojú," Pranoto wí. "Ẹsẹ̀ ló nílò. Ẹsẹ̀ rẹ sì dáa ju tèmi lọ."

Wagiman na ẹsẹ̀ fún okùn ìwọ̀n. "Kí ni màá wá máa rí níbẹ̀?"

"Èmi á máa sọ ọ́ fún ọ."

"Lóòótọ́, ẹnu rẹ kì í sinmi. Ṣùgbọ́n bó o bá fi lè dárúkọ fọ́ọ̀kì fún mi lọ́nà, màá bọ́ sílẹ̀."

"Irú táyà wo, Pak?" Giyanto béèrè.

"Èyí tó o bá ní."

"Igò omi ńkọ́?"

"Wò ó, ibi tó bá gbà á ni kó o fi í sí."

"Pak, ṣé ara yín yá?" Giyanto fi okùn ìwọ̀n sílẹ̀. "Ó ṣì ku bí oṣù kan kí Kliwon tó tún bọ́ sí Ìṣẹ́gun o. Ẹ ní láti dúró."

"Ọjọ́ wo ni tòní?"

"Àbámẹ́ta, ọjọ́ ọjà Wage. Kò bá yín lára mu rárá."

"Ohun tó yá kì í tún pẹ́," Pranoto wí. "Tan iná ẹ."

Wọ́n jókòó tì í títí ó fi gé irin, tó fi yún un. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ sẹ́yìn, Giyanto fi irin kìn-ín-ní lé èkejì, ó tan iná sí i, ó sì mú ọ̀pá ide tó máa fi jó wọn pọ̀. Wagiman kọjú síbi tí ooru ti ń wá.

"Ó yá, bẹ̀rẹ̀. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

"Irin yìí, ó nípọn ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ó wá fẹ́lẹ́ láàárín, torí pé..."

"Pranoto!"

"Ó dáa, ó dáa. Irin ti pọ́n. Ide ti ń yọ́, ó ń ṣàn yí oríkèé irin ká. Àwọ̀ rẹ̀..." Ó wá ọ̀rọ̀ tì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì. "Ó jọ koríko tìẹ yẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn."

Wagiman na ọwọ́ síwájú, bí ẹni fẹ́ fọwọ́ kan koríko náà.

"Irọ́ ni," ó wí. "O ò dé ibẹ̀ rí."

"Nígbà náà, jẹ́ ká lọ wò ó," ni Pranoto wí.