Agbálùmọ̀ Ìyá Onítọ́

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1974, Ràbíátù, ìyàwó kékeré bàbá mi, ba ìyá mi lórúkọ jẹ́ ní ojúde ilé wa ní Beyerunka. Àwọn ará ilé ní kí n gbàgbé. N kò gbàgbé.

Àtọ́kẹ́ ni orúkọ ìyá mi, òun ni ìyáálé. Agbálùmọ̀ dídì ló ń tà nígbà náà. Á ra agbálùmọ̀ tó pọ́n dáadáa ní Ọjà'ba, á yọ ara rẹ̀, á po omi àti ṣúgà mọ́ ọn, á rọ ọ́ sínú ọ̀rá gbọọrọ, á so ó lẹ́nu, á sì gbé e lọ sínú fìríìsà oní-mínírà kan ní Bẹẹrẹ. Tó bá dì gbagidi, ó di ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Àwọn ọmọ a máa jìjà dù ú nínú oòrùn.

Ẹni tó bá ti jẹ agbálùmọ̀ rí mọ̀ pé ara rẹ̀ kì í fẹ́ fi kóró sílẹ̀. Ìyá mi máa ń rẹ kóró náà sínú omi, á wá máa fi ṣíbí ha á lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ràbíátù ló máa ń bá a ṣe ìyókù tí ìyá mi bá gbé ọjà jáde, nítorí ìyàwó kì í káwọ́ gbera kó máa wo ìyáálé rẹ̀ níbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan ń fa tirẹ̀ mu, ó bá obì nínú rẹ̀. Obì tí ẹnì kan ti rún lẹ́nu, tí itọ́ ti sọ di pupa. Ìyá ọmọ náà gbé obì náà wá lórí ewé, ó ń pariwo. Kí ìyá mi tó la ẹnu, Ràbíátù ti dáhùn:

"Ẹ má bínú. Ìyáálé mi ló máa ń fi ẹnu fà á kúrò lára kóró kó lè yá. Mo ti bá wọn sọ ọ́ títí."

Ìyá mi kì í jẹ obì. Inú ló máa ń run ún. Ràbíátù ni obì kì í kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀, bàbá mi gbá mi létí pé ta ni mò ń fẹnu kàn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ìyá mi ní Ìyá Onítọ́. Ọjà kú. Kò sí ẹni tí yóò ra ìwé àti aṣọ ilé-ìwé fún mi mọ́, mo fi ìwé kẹrin sílẹ̀, mo lọ kọ́ṣẹ́ fìríìjì títúnṣe ní Mólété. Èyí kọ́ ló dùn mí jù. Tí ìyá mi bá se oúnjẹ sàráà, àwọn ará ilé a gbà á, wọn a dúpẹ́, wọn a lọ dà á fún adìyẹ lẹ́yìn ilé. Mo fojú ara mi rí i. Ìyá mi náà rí i.

Ọdún 1992, ààwẹ̀ bọ́ sínú ooru. Bàbá mi ti kú. Àwọn ìyá méjèèjì ti hewú. Fìríìsà kan ṣoṣo ló wà nínú agboolé wa, tèmi ni. Kúbúrá, ìyàwó Sìdí ọmọ Ràbíátù, wá bá mi.

"Bọ̀dá onífìríìjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa fi áìsì agbálùmọ̀ wa sínú fìríìsà yín. Gbogbo ilé la fẹ́ fi í ṣínu. Bẹẹrẹ la gbé tàná lọ, ó ti yọ́ ká tó gbé e délé."

"Ta ló kọ́ ẹ ní ṣíṣe rẹ̀?"

"Ìyá ọkọ mi ni."

"Hẹn-ẹn."

"Ẹ wo bí ẹ ṣe fajú ro! Ṣé ẹ ò ní mu nínú ẹ̀ ni?"

"Ohun tó bá ti ọwọ́ ìyá yẹn wá, ajá mi ò ní fẹnu kàn án."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò kúkú lájá."

Mo ní kó tó wọ fìríìsà mi, ojú mi gbọ́dọ̀ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn ìrun Aláásárì, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ. Kúbúrá ti lọ pọnmi. Ràbíátù nìkan ló jókòó lórí àpótí, bóòlù ńlá kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Àìsàn kì í jẹ́ kó gbààwẹ̀. Ó ju kóró agbálùmọ̀ sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó fà á ṣùrùṣùrù. Ó tu kóró dànù. Ó wá tẹrí ba, ó tu ìyókù sínú bóòlù. Itọ́ gùn bí okùn láti ètè rẹ̀ dé inú ohun tí a fẹ́ fi ṣínu, kò tètè já. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó ki ọwọ́ kan náà bọ bóòlù, ó rò ó.

Ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi, n kò lè bì. Mo gbé itọ́ tèmi mì, ó sì ń rí mi lára bí ẹni pé tirẹ̀ ni.

"Ìyá Sìdí! Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

Ó ta gìrì. Wọ́n ti bí mi kó tó dé ilé wa, nítorí náà kò lè pè mí lórúkọ. Ọkọ mi ló ń pè mí, kódà tó bá ń ṣépè fún mi.

"Ọkọ mi, ṣé o ò rí agbálùmọ̀ rí ni?"

"Ẹnu lẹ fi ń fà á! Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wá wò ó! Ẹ wá wo ohun tí ẹ fẹ́ mu!"

Wọ́n jáde. Adégòkè, aránṣọ tó gba yàrá iwájú, na ọrùn wo inú bóòlù. Obì pupa ń léfòó nínú rẹ̀.

"Ṣé báyìí náà ni tàná?" ó bi í. "Ìyá Sìdí, mo mu tàná o! Mo tún lá ọ̀rá rẹ̀!"

Ó sáré sí ojú gọ́tà, ó ki ìka bọ ọ̀fun.

"Ẹ̀ẹ́ ba ààwẹ̀ yín jẹ́!" Kúbúrá ké, korobá omi wà lórí rẹ̀.

"Ó ti bàjẹ́!" Adégòkè dáhùn.

Ìyá mi náà ti jáde, ó di ògiri mú. Ràbíátù kò rí i. Ó ti bínú, ó ń ju ọwọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ lu bóòlù, omi agbálùmọ̀ dà sílẹ̀.

"Nítorí itọ́! Ta ni itọ́ pa rí? Eyín mi mọ́ ju ṣíbí lọ. Bí mo ṣe ń ṣe é látilé ìyá mi nìyẹn. Bí mo ṣe ń ṣe é ní gbogbo ìgbà tí ìyáálé mi ń tà á nìyẹn, kò sí ọmọ kankan tó..."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo wa yíjú sí i. Adégòkè pàápàá gbórí sókè lójú gọ́tà.

"Parí ẹ̀, Ràbíátù," ìyá mi wí.

"Ìyáálé mi, ẹ jẹ́ ká wọlé. Ààwẹ̀ la wà."

"Ìta lo ti sọ ti àkọ́kọ́. Ìta náà la ó ti gbọ́ èyí."

"Ọjọ́ ti pẹ́."

"Ó pẹ́ fún ẹ. Àná ni wọ́n tún da ẹ̀kọ mi fún adìyẹ."

Ràbíátù wo Sìdí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Sìdí ń wo ilẹ̀. Ràbíátù wo èmi náà, kò rí àánú lójú mi.

"Èmi ni," ó wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"N ò gbọ́," ìyá mi wí.

Ó kúnlẹ̀ nínú omi agbálùmọ̀ tó ti dà sílẹ̀.

"Èmi ni mo ń fi ẹnu fà á. Obì mi ni. Ẹ̀rù bà mí pé ọkọ wa á lé mi, mo bá tètè sọ pé ẹ̀yin ni. Ìyáálé mi ò fẹnu kàn án rí. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́: Ìyá Onítọ́ tí ẹ̀ ń pè, èmi ni."